Ilé ọdún 1926 tí kò ní ẹnu àjà: ṣé kí a rà á, àbí kí a fi í sílẹ̀?

Ìyàwó Olùkọ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, mo kí yín. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ti ra ilé àtijọ́ rí ní Amẹ́ríkà là mí lọ́yẹ lórí ọ̀rọ̀ kan tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ọjọ́ Ajé. Èmi àti ọkọ mi rí ilé kan ní Hyattsville, ní ìpínlẹ̀ Maryland, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1926. Yàrá mẹ́ta ló ní, kò jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́ tí ọkọ mi ti ń kọ́ni, iye tí wọ́n sì ń pè é kò ju agbára wa lọ. A ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ṣùgbọ́n a kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé a lè jáwọ́ láàárín ọjọ́ 10 bí àyẹ̀wò ilé bá gbé ohun tí kò tẹ́ wa lọ́rùn jáde. Ọjọ́ 6 ló kù báyìí.

Ọkùnrin tó wá yẹ ilé náà wò lo wákàtí mẹ́ta níbẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé, ó gun àkàbà wo òrùlé láti ìta, ó ṣí ojú àpótí iná, ṣùgbọ́n nígbà tó kan òkè àjà, ó wo yàrá kan tẹ̀ lé èkejì títí kan ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì rí ẹnu àjà kankan, ìyẹn ihò tí ènìyàn lè gbé àkàbà sí abẹ́ rẹ̀ kí ó yọ orí sókè. Ohun tó kọ sínú ìwé àyẹ̀wò kò ju gbólóhùn kan lọ: òkè àjà kò ṣeé yẹ̀ wò nítorí kò sí ibi tí a lè gbà débẹ̀. Onílé sọ pé òun ti gbé ibẹ̀ fún ọdún 22, òun kò sì gun òkè àjà rí. Ọkọ mi ní kò burú, pé a kò kúkú fẹ́ sùn lókè àjà. Èmi ní tèmi rí àmì omi kan lójú àjà yàrá ẹ̀yìn, ó rí róbótó bí abọ́ ìjẹun, wọ́n sì ti fi ọ̀dà kùn ún lórí, ṣùgbọ́n ó tún ń yọ jáde. Ṣé a lè ní kí onílé jẹ́ kí a lu àjà rẹ̀ kí a tó sanwó? Àbí ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rà?

Alágbàtà Ilé

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ilé, àbúrò mi. Iṣẹ́ títa ilé ni mo ń ṣe ní ìpínlẹ̀ Maryland yìí, mo sì ti bá irú rẹ̀ pàdé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé gbólóhùn kan ṣoṣo tí ọkùnrin yẹn kọ kò túmọ̀ sí pé òkè àjà dára. Ìlànà iṣẹ́ wọn kò fi dandan mú un láti lu ilé onílé tàbí láti wọ ibi tí kò sí ọ̀nà. Ojúṣe rẹ̀ ni pé kí ó sọ ibi tí òun kò rí. Ó ti sọ ọ́, ó ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀, ó sì ti bọ́ sí ọrùn yín.

Bí ilé tuntun bá ni, òfin ìkọ́lé tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń tẹ̀ lé sọ pé àjà tí ààyè òkè rẹ̀ bá ju 30 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin (square feet) lọ, tí gíga rẹ̀ sì tó 30 íǹṣì, gbọ́dọ̀ ní ẹnu tí kò kéré sí 22 íǹṣì sí 30 íǹṣì. Ṣùgbọ́n òfin náà kò lọ bá ilé ọdún 1926 níbi tó jókòó sí, nítorí náà, ẹ kò lè fi òfin fa onílé. Bí ẹ bá ń yá owó lábẹ́ ètò FHA, ìyẹn ètò tí ìjọba fi ń ṣe onídùúró fún owó tí ènìyàn yá ra ilé, ẹni tó ń díye lé ilé gbọ́dọ̀ wo òkè àjà, ó kéré tán kí ó yọ orí àti èjìká sókè, ṣùgbọ́n níbi tí kò bá sí ọ̀nà, kíkọ ni yóò kọ ọ́ pé kò sí ọ̀nà. Ìlànà náà kò ní kí ó lu ohunkóhun. Ẹ ò rí i pé gbogbo ẹni tí ẹ fọkàn tán pé yóò bá yín wò ó ni òfin gbà láyè láti kọjá lọ.

Ẹ ní kí éjẹ́ǹtì yín kọ ìwé sí onílé lónìí, kì í ṣe lọ́la. Kí ẹ bèèrè fún ìyọ̀ǹda láti lu ihò kékeré kan sínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, níbi tí ojú kò ti ní rí i, kí ẹ kọ ẹni tí yóò lù ú, ẹni tí yóò dí i bí ẹ kò bá ra ilé mọ́, àti iye tí ẹ óò fi sílẹ̀ fún dídí ihò náà. Kí ẹ sì bèèrè fún ọjọ́ 5 sí i lórí àkókò àyẹ̀wò. Onílé tí kò ní nǹkan í pamọ́ sábà máa ń gbà bí ó bá ti rí i lákọsílẹ̀ pé àjà òun yóò padà sí bó ṣe wà.

Káfíńtà Òkè-Òkun

Mo fara mọ́ ohun tí mọ̀mọ́ wa Alágbàtà sọ, ṣùgbọ́n kí ẹ tó lu ohunkóhun, ẹ wá ẹnu àjà àtijọ́ ná. Káfíńtà tó kan òrùlé ilé yẹn ní ọdún 1926 gba ibì kan wọlé, ó sì gba ibì kan jáde. Nínú ilé mẹ́wàá tí wọ́n sọ fún mi pé kò ní ẹnu àjà rí, mo ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn tó ní, tí ẹnì kan kàn dí i nígbà tó ń tún àjà ṣe, tí ó fi pátákó bò ó, tí ó sì kùn ún lọ́dà.

Bí ẹ óò ṣe wá a nìyí. Ẹ lọ ní alẹ́, tàbí kí ẹ ti fèrèsé, kí ẹ pa iná yàrá. Ẹ gun àpótí, kí ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ mọ́ ojú àjà gan-an, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa gbá ojú àjà lọ ní ìbú, kì í ṣe láti ìsàlẹ̀ sókè. Ibikíbi tí àjà bá ti wú díẹ̀ tàbí tó jìn díẹ̀, òjìji rẹ̀ yóò yọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú àwọn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, pàápàá èyí tó wà láàárín ilé, nítorí ibẹ̀ ni òrùlé ti ga jù. Bí ẹ bá rí ìlà mẹ́rin tó pàdé ara wọn ní igun mẹ́rin, ẹ ti rí i. Ẹ tún lọ sí ìta, kí ẹ wo ògiri onígun mẹ́ta tó wà lábẹ́ ṣóńṣó òrùlé. Bí fèrèsé onígi pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bá wà níbẹ̀, a lè tú u láti orí àkàbà kí a sì wo inú láìfọwọ́ kan àjà rárá.

Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, kí ẹ tó wá lu àjà. Àwọn igi tó gbé àjà ilé ìgbà náà sábà máa ń wà ní 16 íǹṣì síra wọn, èyí tó túmọ̀ sí pé ihò bí 14 íǹṣì lè bọ́ sí àárín igi méjì láìgé èyíkéyìí. Èyí tó fún orí àti kámẹ́rà, ó sì tó fún àyẹ̀wò. Ẹnu tó tó 22 íǹṣì sí 30 íǹṣì, ẹ jẹ́ kó di ìgbà tí ilé bá di tiyín, nítorí a óò gé igi kan fún un, igi tí a bá sì gé, a gbọ́dọ̀ fi igi mìíràn dè é ní ìbú lórí àti ní ìdí kó tó lè gbé ẹrù rẹ̀. Nínú ilé tuntun tí wọ́n fi truss kan òrùlé rẹ̀, ìyẹn igi onígun mẹ́ta tí wọ́n ti kàn pọ̀ kí wọ́n tó gbé e wá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ayùn kan igi kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ti ọdún 1926 kì í ṣe truss. Àjà ilé yín yóò jẹ́ símẹ́ǹtì funfun tí wọ́n rẹ́ mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù lù ú, torí yóò ya dé ìdajì yàrá. Ọ̀bẹ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi fa ìlà rẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí wọ́n fi ayùn kékeré gé e díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa wọ́n omi sí i kí eruku má baà fò, nítorí ọ̀dà ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún 1978 lè ní òjé, tó jẹ́ májèlé, nínú.

Ọmọ Ìlá ní Ohio

Èmi yóò sọ òdìkejì, ẹ má bínú. Ẹ fi ilé náà sílẹ̀ bí onílé bá kọ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àánú yí yín lọ́kàn padà. Mo ra ilé ọdún 1931 kan níbí láìrí òkè àjà rẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé àjà kò ga tó ohun tí ènìyàn ń wọ̀. Ọdún kẹta ni mo pe àwọn tó ń pààrọ̀ òrùlé, wọ́n ṣí pákó mẹ́ta, ọ̀gá wọn sì pè mí pé kí n gun àkàbà wá wò ó fúnra mi. Igi òrùlé mẹ́jọ ló dúdú bí èédú. Mo fi èékánná ha ọ̀kan nínú wọn, ó sì ń bó wálẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Iná ti jó ilé yẹn rí, wọ́n rọra fi igi tuntun kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n dí ẹnu àjà, wọ́n kùn ún, wọ́n sì tà á. Ẹni tó tà á fún mi ní òun náà bá a bẹ́ẹ̀. Mo san 31,000 dọ́là kí òrùlé náà tó dúró. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rajà lókùnkùn.

Alágbàtà Ilé

Ẹ kú àdánù o, ará Ohio. Ọ̀rọ̀ yín mú mi rántí ohun kan tó kan ẹni tó ń ra ilé ní Maryland. Níbí, òfin fún onílé láyè láti yan ọ̀kan nínú méjì: kí ó kọ gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ilé sílẹ̀, tàbí kí ó fọwọ́ sí i pé bí ilé ṣe wà ni òun ṣe ń tà á, òun kò sì ṣèlérí ohunkóhun. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tó bá yàn, ó gbọ́dọ̀ sọ àbùkù tó fara sin tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀, tí ojú olùrà kò lè rí, tó sì lè ṣe ènìyàn ní jàm̀bá. Nítorí náà, àbúrò mi, ẹ béèrè lákọsílẹ̀: ta ló dí ẹnu àjà, kí sì ni ìdí àmì omi yẹn? Ẹni tó bá dáhùn lákọsílẹ̀ máa ń ronú kó tó dáhùn.

Bàbá Oníná

Ọmọ mi, mo ti ń ṣe iṣẹ́ iná láti ọdún 1988, ní Ìbàdàn ṣáájú, kí n tó wá síbí. Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kí ẹnikẹ́ni tó yọ orí sókè àjà yẹn.

Èkínní ni wáyà. Ilé ọdún 1926 bọ́ sí àárín ìgbà tí wọ́n ń lo wáyà tí à ń pè ní knob-and-tube, èyí tí wọ́n ti ń lò láti nǹkan bí ọdún 1880 títí di àárín ọdún 1940 sí 1950. Wáyà méjì ló máa ń lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n gùn sórí kókó tánganran funfun bí orí olú, tí wọ́n sì ń gba inú ọ̀pá tánganran kọjá níbi tí wọ́n bá ti lu igi. Kò ní wáyà ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó yí i ká ló ń mú kó tutù, ìdí nìyẹn tí òfin iná orílẹ̀-èdè yìí kò fi gbà kí a da òwú lé e lórí. Òwú tí mo ń sọ ni èyí tí wọ́n máa ń tẹ́ sórí àjà kí ooru ilé má baà gba òkè sá lọ. Bí ẹnì kan bá ti da òwú sórí wáyà bẹ́ẹ̀, ooru kò rí ibi lọ, aṣọ ara wáyà á máa gbẹ, á sì máa já dànù. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni kì í gba ilé tó ní irú wáyà bẹ́ẹ̀, báńkì kò sì ní yá yín lówó láìsí adójútòfò. Ẹ má jẹ́ kí àpótí iná tuntun tí ayẹ̀léwò ṣí tàn yín jẹ. Mo ti ṣí àpótí tuntun tó ń dán, tí mo sì bá wáyà ọgọ́rin ọdún nídìí rẹ̀. Ẹ wo àjà yàrá abẹ́ ilé, láàárín àwọn igi, bóyá kókó tánganran wà níbẹ̀. Bí ó bá wà nísàlẹ̀, ó ṣeé ṣe gan-an kó wà lókè.

Èkejì ni ohun tí wọ́n dà sórí àjà. Bí ẹ bá rí òkúta wẹ́wẹ́ fífúyẹ́, aláwọ̀ eérú tàbí tó ń dán bíi wúrà, tó rí ní ìpele ìpele bíi bébà tí a ká jọ, ẹ dúró ńbẹ̀. Vermiculite ni wọ́n ń pè é. Ibi ìwakùsà kan ní Libby, ní ìpínlẹ̀ Montana, ló pèsè ohun tó ju ìdá 70 nínú 100 vermiculite tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1919 sí 1990, asbestos, tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, sì wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Àjọ EPA, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àyíká, sọ pé kí a kà á sí ohun tó ní asbestos, kí a má sì tú u ká. Nítorí náà, ẹni tó bá ń lu ihò yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lu èyí tí ìka lè wọ̀, kí ó fi kámẹ́rà olókùn wò ó kí ó tó fẹ̀ ẹ́, torí bí ó bá lu ihò ńlá lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ ni yóò dà sínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Bí ó bá dà, ẹ má gbá a, ẹ má sì fi ẹ̀rọ fà á. Ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ pe àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí àwa tí a dàgbà nílé mọ asbestos bí ohun yẹpẹrẹ: a ti fi ayùn ọwọ́ gé àjà asbestos nínú yàrá tí a sé, láìbo imú, tí a sì gbá eruku rẹ̀ jọ. Mo mọ ẹni méjì nínú àwọn tí a jọ ṣe é tí èémí wọn kò já gaara mọ́.

Ìyálé Lọ́ńdọ̀nù

Ọ̀rọ̀ tiyín dára ju tiwa níhìn-ín lọ, nítorí ilé náà yóò di tiyín láti ilẹ̀ dé òrùlé. Mo fẹ́ ra fúláàtì òkè pátápátá ní Peckham, kò ní ẹnu àjà, mo sì rò pé bí mo bá ti sanwó n óò lu ọ̀kan. Lọ́yà mi ló ka ìwé líìsì fún mi pé ojú àjà ni tèmi parí sí, pé ẹni tó ni ilẹ̀ ló ni òkè àjà, àti pé bí mo bá lu ihò láìgba ìyọ̀ǹda mo ti ba àdéhùn jẹ́. Ẹni tó bá ń ra fúláàtì lọ́dọ̀ wa níbí, kí ó wo ìwé kó tó wo àjà.

Ọmọ Òkè-Àdó

Ìbàdàn ni mo wà, àgbà sì ti dé sí mi. Nínú ilé tí wọ́n bí mi sí, àjà tí wọ́n fi igi àti amọ̀ tẹ́ ni, àkàbà rẹ̀ kì í kúrò nídìí ògiri, òkè ibẹ̀ ni ìyá mi ń kó àgbàdo àti èlùbọ́ sí. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan kì í gòkè. Bí òrùlé bá ń jò, ọjọ́ náà gan-an ni a óò mọ̀. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni pé ọkọ yín ní ẹ kò ní sùn níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé òun gan-an ni òkè àjà yóò máa sùn lé lórí. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Ìyàwó Olùkọ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, mo sì ka ti Bàbá Oníná sí ọkọ mi létí lẹ́ẹ̀mejì. Onílé kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní bí a bá fẹ́ràn ilé, kí a rà á bó ṣe wà. A fi ìwé ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Alágbàtà ṣe wí, a sì fi 500 dọ́là lélẹ̀ fún títún àjà ṣe bí a kò bá ra ilé mọ́. Ní ọjọ́ kejì ó gbà, ó sì fún wa ní ọjọ́ 5 sí i. Nínú ìdáhùn rẹ̀ lórí àmì omi, ó kọ ọ́ pé ìyẹn ló mú kí òun pààrọ̀ òrùlé ní ọdún 2015, àti pé ó tún padà wá ní òtútù tó tẹ̀ lé e. Ọ̀la ni a ń lọ. Mo ti ra tọ́ọ̀ṣì.

Káfíńtà Òkè-Òkun

Òrùlé tuntun, àmì omi kan náà, ó sì jẹ́ ìgbà òtútù nìkan? Kì í ṣe òjò nìyẹn, àbúrò mi. Ẹ wo ibi tí páìpù fáànù ilé ìwẹ̀ parí sí.

Ìyàwó Olùkọ́

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà, bí ẹni pé ẹ wà níbẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tẹ̀léra.

A pa iná, mo gun àpótí nínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ yàrá àárín, mo gbé tọ́ọ̀ṣì mọ́ ojú àjà. Ìlà kan yọ, tín-ín-rín bí irun, lẹ́yìn náà ni èkejì, títí tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi pé. Ọkọ mi tó ti ń sọ pé ohun tí kò sí ni à ń wá ló fi ìka rẹ̀ tọ ìlà náà yí ká, tí kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Káfíńtà tí a mú lọ lu ihò ìka kan, ó ti kámẹ́rà bọ̀ ọ́, ó rí òwú eérú, kò rí òkúta wẹ́wẹ́ kankan. Ìgbà náà ló fi ọ̀bẹ la ìlà ọ̀dà, tí pátákó àtijọ́ náà sì sọ̀kalẹ̀ lódidi pẹ̀lú ìṣó mẹ́rin.

Òwú tó wà lókè kò ju 3 íǹṣì lọ, ibòmíràn kò sì ní rárá. Páìpù fáànù ilé ìwẹ̀ kò dé òrùlé. Orí àjà yàrá ẹ̀yìn ló ti parí, ní ìsàlẹ̀ pákó òrùlé, tí gbogbo ooru omi ìwẹ̀ ti ń tú síbẹ̀ láti ọdún tí a kò mọ̀. Pákó tó wà lókè rẹ̀ ti bu, ó dúdú ní ìwọ̀n ibi tí apá méjì lè nà dé. Ní ìgbà òtútù, ooru náà ń di omi lára pákó tútù, ó sì ń kán sórí àjà. Onílé pààrọ̀ òrùlé nítorí páìpù fáànù. Kókó tánganran mẹ́fà wà níbẹ̀, iná sì ń lọ nínú wáyà wọn sí yàrá iwájú. Igi òrùlé kò jóná, kò sì tẹ̀.

Oníná tí a pè díye lé wáyà yàrá náà, káfíńtà díye lé pákó, páìpù àti ẹnu àjà gidi. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 9,400 dọ́là. Onílé wá fúnra rẹ̀, ó gun àkàbà, ó yọ orí sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 22, ó sì pẹ́ lókè. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó ní kí a yọ 8,000 dọ́là kúrò lára owó ilé, pé ìyókù di tiwa. A gbà.

Bàbá Oníná

Ẹ kú oríire, ọmọ mi. Wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà páìpù àti pákó, kí òwú ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kẹ́yìn. Bí ẹ bá da òwú ṣáájú, ẹ óò tún kó o kúrò.

Káfíńtà Òkè-Òkun

Kí ẹ sì sọ fún ẹni tó bá ṣe ẹnu àjà pé ìdérí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní òwú lẹ́yìn bíi ti àjà yòókù, kí ó sì fi rọ́bà yí etí rẹ̀ ká. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnu yẹn nìkan ni ooru yóò máa gbà jáde. Kí wọ́n fi igi ṣe odi bí 14 íǹṣì sí etí rẹ̀ lókè, kí òwú má baà máa dà sínú kọ́bọ́ọ̀dù nígbà tí ẹ bá ṣí i.

Ìyàwó Olùkọ́

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni a ó gba kọ́kọ́rọ́. Ọkọ mi ti lọ ra àkàbà.